Ẹṣin Tí Kò Tíì Pààrọ̀ Eyín

Nígbà tí mo ra ẹṣin, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì l'Ákùúrẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ sí Adó. Tábìlì wọn ṣófo, àga wọn ṣófo, bí ènìyàn bá wúkọ́ ní ìpẹ̀kun yàrá kan, a ó gbọ́ ọ ní ìpẹ̀kun kejì. Ilé tèmi náà ṣófo. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́ta ṣáájú, àwọn ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ níbi tó jìnnà, èmi nìkan ni mo sì ń gbé ilé tí àwa méjèèjì jọ kọ́ sí Ìjàpọ̀. Mo ti ta mọ́tò rẹ̀. Gáréèjì tó ń gbé e sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbàwọ́n ọ́ìlì nílẹ̀, n kì í ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Inú gáréèjì yẹn ni ẹṣin gbé.

Bàbá mi ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rán mi níṣẹ́. Ìlú Oǹdó ló ń gbé. Gbogbo agbára rẹ̀ ló ti lò tán ní ilé iṣẹ́ ìlagi, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dà bí pákó. Ọjọ́ Àìkú kan ló wọkọ̀ wá bá mi. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ṣí fìlà lé orúnkún, ó ní ẹbí ti fẹnu kò: oyè ìdílé wa tó ti ṣófo láti ìgbà tí àbúrò bàbá òun ti kú, òun ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni nígbà náà. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú oríire.

"Ọma mi," ó ní, torí bẹ́ẹ̀ làwọn ará Oǹdó ń pe ọmọ, "nǹkan kan ló kù tó ń dùn mí. Ẹṣin ara rẹ̀ ni bàbá mi gùn lọ́jọ́ oyè rẹ̀. Ọmọ kékeré ni mí, mo di ìrù ẹṣin náà mú, mo ń tẹ̀ lé e. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ń háyà kiri báyìí, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ẹnìkan lánàá, wọ́n á gbé ẹlòmíràn lọ́la. Wọ́n á kàn gbé ènìyàn bí àpò sìmẹ́ǹtì."

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ ohun tó sọ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Kí ìyá mi tó kú, ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ tó bí mi, wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi níbi iṣẹ́. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ni ọmọ náà. Wọ́n ní obìnrin ni. Kò wọlé. Ó padà síbi iṣẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó wá wo ojú mi. Ìyá mi kò sọ ọ́ láti fi bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, bí ìyá ṣe ń sọ ìtàn ìgbà èwe. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá ṣe, ìwé tí mo kà, iṣẹ́ ìjọba tí mo rí, ilé tí a kọ́, mo máa ń fẹ́ kó rí i. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló bí tẹ̀lé mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo fún un ní ẹṣin.

Mo lọ sí ọjà màlúù tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹṣin mẹ́rin ni wọ́n so mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta dorí kodò, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ abo, ó pupa bí epo tuntun, àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó na ọrùn, ó fi imú tú báàgì mi wò, ó mí èémí gbígbóná sí mi lọ́wọ́.

Mo bi ọkùnrin tó ń tà á pé, "Ọmọ ọdún mélòó nìyí?"

"Ọdún mẹ́rin, Àlájà. Ó ti tó gùn."

Èmi kì í ṣe Àlájà, n kò sì mọ bí a ti ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin. Mo gbà á gbọ́ torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló gbé e dé Ìjàpọ̀. Àwọn aládùúgbò jáde. Obìnrin Àkúrẹ́ tó wà ní ilé kejì, tó máa ń pe ilé ní ulé, pàtẹ́wọ́ lórí odi, ó ní, "Ulé rẹ ti di ulé ọba nìyẹn!" Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Mo da koríko gbígbẹ sí ilẹ̀ gáréèjì, mo gbé omi sí i. Fún oúnjẹ, mo fún un ní èèpo gbágùúdá àti búrẹ́dì tó ti le, torí ohun tí ìyá mi ń fún ewúrẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a ní ìdùbúlẹ̀. Ó ń yí gbiiri, ó ń yí ọrùn padà wo ikùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà nínú ibẹ̀ tó ń lù ú. Òógùn ti bò ó. Mo pe orúkọ Jésù, mo da omi sí i lára, kò ràn án. Nígbà náà ni mo rántí bàbá kan ní ọjà Ìsìkàn, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí mo máa ń ra káún lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo bá fẹ́ se ẹ̀wà. Ó ti sọ fún mi rí pé bàbá òun sin ẹṣin. Mo wọ takisí, mo bá a níwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Kí ló jẹ?" Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Mo sọ fún un. Ó pòṣé, ó fi àpò bo káún rẹ̀.

"Màdáámù, oúnjẹ ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi pa ẹṣin. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó dé, ó bọ́ bàtà, ó fi okùn fa ẹṣin náà dìde, ó sì ní ká máa mú un rìn yí ilé ká, ká má jẹ̀ẹ́ kó dùbúlẹ̀. A rìn títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó fi okùn lé mi lọ́wọ́, ó lọ kírun lábẹ́ igi máńgòrò, èmi ń rìn lọ, ẹṣin ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Òòrùn ti ń wọ̀ kí ẹṣin náà tó dúró, kó gbé ìrù, kó sì yàgbẹ́. Bàbá oníkáún rí i, ó ní, "Alhamdulilahi," ó gbọ́wọ́ sókè. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè dúpẹ́ lórí ìgbẹ́ tó báyẹn.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, á yà sọ́dọ̀ mi. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ju omi tútù lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fọwọ́ kan ẹṣin. Òun ló kọ́ mi pé ara ẹṣin kò gba gbágùúdá. Pé koríko ni, àti èèrí ọkà bàbà, àti ewé ẹ̀pà. Ó kọ́ mi láti máa gba ẹ̀gbẹ́ òsì wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí n fi ohùn ṣíwájú ọwọ́, kí n má ṣe dúró gán-án lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ́ mi láti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, kí n fi irin kékeré yọ ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò lábẹ́ pátákò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹṣin náà fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tì mí, kì í ṣe ìkà, ó kàn rí ibi fẹ̀yìn tì ni. Bàbá oníkáún rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọdé ni," ó ní. "Ó rò pé ìyá òun lẹ jẹ́."

Mo rò pé àwàdà ló fi ń ṣe.

Gbogbo ayé mi yí padà. Mo ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbá gáréèjì, mo fún un lóúnjẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán, kí n tó wẹ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo ń lọ sí Ìpogun, sọ́dọ̀ obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń bá mi kó ewé ẹ̀pà àti igi àgbàdo tútù jọ. Nítorí eṣinṣin, mo ń fi èèpo ọsàn gbígbẹ dáná èéfín sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tó fi mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Tí mo bá ti ṣí géètì, á yán, ohùn kékeré kan báyìí, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹ̀dá tó dáhùn nígbà tí mo bá wọlé.

Bàbá mi wá wò ó. N kò sọ fún un ṣáájú. Mo kàn ní kó bọ̀, mo ṣí gáréèjì. Ó dúró. Ẹṣin náà rìn wá, ó fi ètè gbá fìlà rẹ̀ ṣubú. Mo rí bàbá mi tó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje. Ó wo ẹṣin, ó wò mí, ó tún wo ẹṣin.

"Ìwọ lo rà á?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Fún mi?"

"Fún yín ni, sà."

Ó gbé ọwọ́ ńlá yẹn lé mi lórí, ó sì gbé e síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Aádọ́ta ọdún ni mo ti wà láyé, kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Oyè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí mo pe dókítà ẹran, obìnrin kan tó kéré sí mi dáadáa, láti wá fún ẹṣin náà lóògùn aràn. Bàbá oníkáún ló di orí rẹ̀ mú. Dókítà la ẹnu ẹṣin náà, ó wo inú, ó tún wò ó.

"Mà, ọdún mélòó ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Ọdún mẹ́rin."

Ó mi orí. "Eyín ọmọdé ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì pààrọ̀ ẹyọ kan. Kò ì pé ọdún méjì ààbọ̀ rárá. Ẹ wo orúnkún rẹ̀, eegun rẹ̀ kò tíì gbó. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò gùn ún fún ọdún kan ààbọ̀ sí i, ó kéré tán. Tó bá sì jẹ́ ènìyàn tó wúwo, ẹ jẹ́ kó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wo bàbá oníkáún. Ó wo ilẹ̀.

"Mo ti fura," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ kàn fẹ́ máa sìn ín ni. Ẹ kò sọ fún mi pé ẹnìkan fẹ́ gùn ún láìpẹ́."

Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì láti sọ fún bàbá mi. Mo tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu láti Àkúrẹ́ títí a fi kọjá Bọ́lọ́rundúró: *Bàbá, ọmọ kékeré ni, ẹ jẹ́ ká háyà òmíràn fún ọjọ́ yẹn, tó bá dàgbà ẹ ó gùn ún.* Kò nira. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo bá a pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí mẹ́ta nínú pálọ̀. Gàárì bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín wọn, gàárì àtijọ́ tí eku ti jẹ létí. Ó ti wá oníṣọ̀nà awọ rí, ó ti bá a tún un ṣe, ó ti fi òróró pa á.

"Òun nìyí!" ó ní fún wọn. "Òun ni mo ń sọ. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, kò sí èyí tó rò ó. Obìnrin yìí ló rò ó."

Àwọn àgbà náà súre fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ tí mo tò lẹ́nu gbẹ. Mo sọ fún ara mi pé màá dúró kí àwọn àlejò lọ. Wọ́n lọ. Bàbá mi gbé ẹ̀wù oyè rẹ̀ wá fún mi wò, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo jẹ iyán lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, n kò sọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá oníkáún pé ètò kò yí padà, ó jọ̀wọ́ okùn ẹṣin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kò sọ fún wọn."

"Láti ilé wa dé ààfin kò jìnnà, Bàbá. Bí ẹni nasẹ̀ ni. Lílọ àti bíbọ̀ péré."

"Màdáámù, mo ti dàgbà jù láti bá yín jà. Màá kọ́ ọ kó má bẹ̀rù aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, màá kọ́ ọ kó gba ìjánu, torí tí n kò bá kọ́ ọ, yóò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí sí Oǹdó. N kò fẹ́ fojú rí i."

Ó kọ́ ọ. Ẹṣin náà gba gbogbo rẹ̀ láìjanpata. A gbé àpò èèrí lé e lẹ́yìn, ó yíjú wò ó, ó sì gbìyànjú láti jẹ ẹ́.

Ọjọ́ oyè pé. Ọkọ̀ gbé wa dé Oǹdó ní àárọ̀. Èrò ti kún àdúgbò, àwọn ọdẹ ń yin ìbọn sókè, ẹ̀fín ìbọn ń lọ lókè pánù. Ẹṣin náà gbọ̀n, mo gbé ẹnu lé e létí, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní: ó dúró jẹ́ẹ́ torí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Wọ́n gbé gàárì lé e. Ọkùnrin mẹ́rin ló ran bàbá mi lọ́wọ́ gùn ún, pẹ̀lú ẹ̀wù àrán àti ìlẹ̀kẹ̀. Mo rí i tí ẹ̀yìn ẹṣin náà rì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là sílẹ̀ díẹ̀ kó tó lè fìdí múlẹ̀. Èmi ni mo di okùn mú. Wọ́n ní ọkùnrin ló yẹ kó di okùn, bàbá mi ní èmi ni.

A dé ààfin láyọ̀. Àwọn ènìyàn ń kí, wọ́n ń ya fọ́tò. Bàbá mi jókòó gán-án, kò rẹ́rìn-ín, mo rò pé ìgbéraga ni.

Nígbà tí a ń bọ̀ wá sílé, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọdẹ kan yìnbọn lẹ́bàá wa. Ẹṣin náà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní òun nìkan ni, ì bá fò ó kọjá. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fà á, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tiwájú bọ́ sínú gọ́tà oníkọnkéré. Mo gbọ́ ìró náà. Kò dún sókè. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi tútù sí orúnkún. Bàbá mi yọ̀ bọ́ láti orí gàárì, àwọn ènìyàn gbá a mú, apá rẹ̀ bó díẹ̀, ìyẹn nìkan ló ṣe é. Ẹṣin náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ó gbé e dání, ó dúró lórí mẹ́ta tó kù. Kò ké. Ó wò mí.

Ẹnìkan nínú èrò pariwo pé kí wọ́n lọ pe alápatà. Bàbá mi yí padà, ó sì lé e. Ó ṣí fìlà oyè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú àrán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ẹṣin náà mú. Wọ́n ń sọ fún un pé olóyè kì í kúnlẹ̀ lójú títì.

A gbé e padà sí Àkúrẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Dókítà fi pákó àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà, ó fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní eegun ti là lókè pátákò. Ó ní ẹṣin kì í ṣe ènìyàn tí a lè ní kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì oṣù mẹ́ta. Á fẹ́ dìde, á fẹ́ rìn. Ó ní ká wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kí n má fọkàn sí i púpọ̀. Kò rán mi létí ohun tó ti sọ ṣáájú. Nígbà tó yá, bàbá oníkáún dé. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fa imú, ó mú ewé ẹ̀pà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A fi tapólì so ikùn rẹ̀ rọ̀ mọ́ irin òkè gáréèjì kí ìwúwo lè kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì mi pẹ̀lú àpò aṣọ kan. Àwọn tó fẹ́ wá kí olóyè tuntun ṣì ń wọ́ lọ sílé rẹ̀ l'Óǹdó, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó gbé àga sẹ́nu gáréèjì, ó jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin.

Lọ́jọ́ kẹrin n kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ọ̀sán ni, àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Dókítà ti sọ fún mi pé kò tíì tó gùn. Ó ti sọ fún mi nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdí tí mo fi wá sí Oǹdó lọ́jọ́ tí ẹ fi gàárì hàn mí nìyẹn. N kò lè sọ ọ́."

Abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Kí ló dé tí o kò lè sọ ọ́ fún mi? Ṣé mo máa ń lù yín ni? Ṣé mo le tó bẹ́ẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ohun tí ó fà. Mo sọ ohun tí ìyá mi sọ fún mi, pé ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ẹkún gbà mí lẹ́nu bí mo ti ń sọ ọ́, èmi ìyá ọlọ́mọ, òṣìṣẹ́ ìjọba.

Bàbá mi kò sọ pé irọ́ ni. Mo ti ń retí pé á sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó ṣẹlẹ̀," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, òmùgọ̀ ni mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fi ọmọkùnrin yangàn. N kò mọ̀ pé ó dé etí rẹ. N kò mọ̀ pé o ti ń gbé e kiri." Ó nu ojú. "Aádọ́ta ọdún."

Ẹṣin náà na ọrùn láti inú tapólì, ó fi imú wá ọwọ́ rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ara rẹ̀ kò gba ìtọ́jú náà. Lọ́jọ́ keje, ẹsẹ̀ kejì tó ń fi ara tì ti wú, ara rẹ̀ gbóná, ó ń payínkeke. Dókítà wò ó, ó ní, "Mà, ó tó." Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ní àdúgbò wá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹṣin náà ń gbọ́ ìró ṣọ́bìrì, ó ń gbé etí sọ́hùn-ún bí ẹni pé nǹkan tó dára ló ń bọ̀. Mo fún un ní igi àgbàdo tútù. Ó jẹ ìdajì.

Abẹ́rẹ́ méjì ni, dókítà ní. Àkọ́kọ́ á mú un sùn, ìkejì á dá ọkàn rẹ̀ dúró. A tú tapólì, a fara balẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ó wúwo. Bàbá mi kúnlẹ̀ lápá kejì, bàbá oníkáún dúró lẹ́yìn wa, ó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè Lárúbáwá. Mo ń bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀ létí bí mo ti bá a sọ̀rọ̀ l'Óǹdó. Ó tún gbọ́ ohùn mi, ó tún dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, dókítà fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

Bàbá oníkáún fi ọwọ́ pa ojú ẹṣin náà dé. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màdáámù." Òun ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ fún mi lórí ọ̀ràn náà, títí tó fi kó kúrò l'Ákùúrẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Fún oṣù díẹ̀, èmi àti bàbá mi kò mọ bí a ó ṣe máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá lọ sí Oǹdó, a ó sọ nípa òjò, nípa iye epo bẹntiróòlù, nípa àwọn ọmọ. Kò gbé fọ́tò oyè rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ bí àwọn olóyè yòókù ṣe ń ṣe. Ọ̀sán kan, a jókòó lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó kàn ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rù bà mí lórí ẹ̀."

"Kí ni, Bàbá?"

"Lórí ẹṣin yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi gùn ún. Mo ń gbọ́ bí ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo mọ̀ pé kò lè gbé mi. Nígbà tí a dé ààfin, mo fẹ́ sọ pé kí n fẹsẹ̀ rìn padà. Mo wò ọ́, o di okùn mú, ojú rẹ ń dán. Mo ní tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, á dùn ọ́."

Mo dìde, mo bu omi wá fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó mu ún tán, ó sì gbé ife náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.